Ìbéèrè Igbákejì Awakọ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Ìrìn-àjò Ìkẹyìn Agagu Fi Sílẹ̀

Ní gbogbo gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Òkìtìpupa títí dé Òde-Máhìn ní etí omi Ìlàjẹ, kò sí pápákọ̀ òfurufú kankan. Àkúrẹ́ ni bàálù ń balẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni èrò ti ń wọ mọ́tò. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Agagu gba Àkúrẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 2013, nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀ wálé láti Èkó.

Ọmọ Ìjù-Odò ní agbègbè Òkìtìpupa ni Agagu. Ó ṣe gómìnà láti ọdún 2003 sí 2009. Ṣáájú ìgbà náà, láàárín ọdún 1999 sí 2000, òun ni mínísítà fún ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú. Ọkùnrin tí ìjọba àpapọ̀ fi ojú òfurufú orílẹ̀-èdè yìí sí ìkáwọ́ rẹ̀ nígbà kan ni pósí rẹ̀ wà nínú bàálù tí ó já.

Ọkọ̀ Embraer 120 ti ilé-iṣẹ́ Associated ni. Ogún ènìyàn ni ó gbé: èrò 13, òṣìṣẹ́ 7. Ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ni ó gbéra ní pápákọ̀ Murtala Muhammed. Kò lò tó ìṣẹ́jú kan lókè tí ó fi já lulẹ̀, tí iná sì sọ. Ènìyàn 16 ni ó kú. Ọ̀kan nínú wọn ni Dèjì Fálaè, kọmíṣọ́nnà fún àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọmọ Olóyè Olú Fálaè.

Àjọ tí ń wádìí ìjàǹbá òfurufú gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ inú ọkọ̀ náà gbà. Bí bàálù ti ń sáré lọ lórí ilẹ̀ ni ẹ̀rọ ìkìlọ̀ ti ń pariwo pé àwọn irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn ìyẹ́, tí ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra, kò sí ní ipò tí ó yẹ. Ẹ́ńjìnnì ọwọ́ ọ̀tún kò sì lágbára tó. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 12 lẹ́yìn tí wọ́n ké e pé eré ọkọ̀ ti dé nọ́ọ̀tì 80, igbákejì awakọ̀ bi ọ̀gá rẹ̀ bóyá kí àwọn dúró. Ọ̀gá ní kí àwọn máa lọ.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 1977, ní erékùṣù Tenerife ti ilẹ̀ Sípéènì, ẹnjiníà inú bàálù KLM béèrè nínú kùrukùru bóyá ọkọ̀ Pan Am ti kúrò lọ́nà. Ọ̀gá awakọ̀ dáhùn pé ó ti kúrò, ó sì ń sáré lọ. Bàálù méjèèjì kọlu ara wọn, ènìyàn 583 ṣègbé. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù káàkiri àgbáyé ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ láti sọ̀rọ̀ jáde, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ̀gá láti gbọ́.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn àgbà ló ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Ṣùgbọ́n ìdajì òwe náà ni a sábà ń lò: a máa ń rán ọmọdé létí pé ọwọ́ rẹ̀ kò tó pẹpẹ, a kì í rán ara wa létí ti akèǹgbè. Nínú ọ́fíìsì, nínú mọ́tò, nílé ìwòsàn, ẹni tí ó kéré a máa rí ewu kí ọ̀gá tó rí i. Bí ó bá wá bẹ̀rù láti wí, tàbí tí ó wí tí a kò gbọ́, ikú kò ní béèrè ẹni tí ó jẹ́ àgbà.

Ní etí omi Ìlàjẹ, níbi tí omi ti jẹ́ ọ̀nà, atukọ̀ tí ó wo ìgbì tí ó sì yí padà kì í ṣe ojo. Òkú tí a ń gbé lọ kò kánjú. Ó lè dúró di ọ̀la. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún gbogbo àwọn tí ó lọ.