Ètò Ẹ̀bùn Ìrántí Ìjọ Yípo Ọdún

Láti ọdún 1977 tí a ti ṣe Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé ti Èkó lójú ọ̀nà Badagry ni orúkọ Trade Fair ti mọ́ àgbègbè náà lára. Lónìí, ọ̀pọ̀ oníṣòwò Balógun tí wọ́n ṣí wá láti Erékùṣù Èkó ń tajà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìjọ Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ́fin ti lè ra ife, tówẹ́ẹ̀lì àti agboòrùn tí a ó tẹ orúkọ ìjọ sí.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí iye owó ní Oṣù Kìíní. Ọjọ́ Àjíǹde kì í dúró lójú kan. Láàárín 22 Oṣù Kẹta àti 25 Oṣù Kẹrin ni ó máa ń bọ́ sí. Nítorí náà, kí a yẹ ọjọ́ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́ sára ohunkóhun. Kí iṣẹ́ kàlẹ́ńdà dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ní Oṣù Kẹsàn-án, kí iṣẹ́ Kérésìmesì tó kún wọn lọ́wọ́.

Owó ọrẹ ni a ń ná. Bí opó inú ìjọ kò bá rí oúnjẹ jẹ, ife tí orúkọ ìjọ ń dán lára rẹ̀ kò lè jẹ́rìí rere fún wa. Ẹ jẹ́ kí a ka Mátíù 6:1-4 kí a tó pinnu.