Iṣẹ́ Oṣù Mẹ́ta, Owó Ilé Ọdún Kan: Ìtàn Ibùwọ̀ Àlejò ní Kọ́bapẹ́ àti Ilẹ̀ Ẹ̀gbá



Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ti gboyè jáde bi wá ní ìbéèrè kan. Ọkọ rẹ̀ rí iṣẹ́ oṣù mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Kọ́bapẹ́, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣágámù. Ìlú mìíràn ni àwọn àti ọmọ wọn ń gbé. Gbogbo yàrá tí wọ́n rí, owó ọdún kan ni onílé ń béèrè. Ajẹ́ǹtì ń béèrè tirẹ̀, owó àgíríméǹtì tún wà níbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé owó iṣẹ́ náà lọ tán. Ẹ̀gbọ́n wa ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn, ṣé báyìí ni àwọn bàbá wa náà ṣe ń ṣe é?" A jókòó tì í, a sì rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó. Ogun ló kó wọn jọ sí abẹ́ Olúmọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò sí lórí àpáta. Bí ọkàn ṣe ń balẹ̀, wọ́n tàn ká inú ilẹ̀ lọ dáko, abúlé sì pọ̀ ní agbègbè tó wá di Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, níbi tí Kọ́bapẹ́ wà. Ọmọ Ẹ̀gbá máa ń ní ibùgbé méjì: ilé nínú agbo ilé bàbá rẹ̀ ní ìlú, àti ahéré ní oko. Ó lè pẹ́ lóko, kí ó tó wálé nítorí ọdún tàbí òkú. Ìgbé ayé yìí ni òwe wa ń sọ: ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn kì í san owó yàrá. Amọ̀ àti ewé ló fi ń kọ́ ahéré rẹ̀, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ a sì bá a ṣe é ní ọ̀wẹ̀. Tó bá jẹ́ alágbàṣe ló ti ọ̀nà jíjìn wá, olóko ló máa fún un ní ibi tí yóò sùn àti ohun tí yóò jẹ.

Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, àṣà yẹn kò parẹ́ pátápátá. Ojú irin tó gba Abẹ́òkúta kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn aláṣẹ reluwéè sì kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn kan. Àwọn ọ̀gá ìjọba ní tiwọn ní Ìbarà. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo lébìrà ló jẹ irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í dé àwọn abúlé tí wọn kò ní ẹbí kankan sí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, baálẹ̀ tàbí ìjọ ló ń wá yàrá fún wọn. Abúlé mọ̀ pé bí tíṣà kò bá ríbi sùn, ọmọ kò ní kàwé. Àwọn tó ń jàǹfààní iṣẹ́ náà ló ń ru ẹrù ibùwọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba Murtala Muhammed pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Abẹ́òkúta di olú-ìlú Ògùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn ní láti kó wá. Ilé ìjọba kò lè ká gbogbo wọn, ọjà yàrá sì ń gbilẹ̀. Ẹni tó fi owó ìfẹ̀yìntì tàbí èrè ọjà kọ́lé láìyá owó báńkì ń fẹ́ kí owó rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rù tún ń bà á pé ayálégbé tó ń san lóṣooṣù lè má san mọ́, kó má sì jáde. Báyìí ni ọdún kan ṣe di òṣùwọ̀n. Kódà òfin tó fẹ́ gba ayálégbé sílẹ̀ fi ọdún wọ̀n ọ́n: òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó dára, ṣùgbọ́n kí ni ẹni tó fẹ́ lo oṣù mẹ́ta fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

A kò fẹ́ fi oyin bo ìtàn o. Ibùwọ̀ àtijọ́ ní owó tirẹ̀. Alágbàṣe tó ń sùn lọ́dọ̀ olóko kò lè bá a jiyàn lórí owó iṣẹ́. Tíṣà tí ìjọ fún ní yàrá, gbogbo abúlé ló mọ ìgbà tó wọlé. Ìyàwó tó ṣẹ́kù sílé ló sì ń dá tọ́ ọmọ, tí a kì í kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìtàn.

Síbẹ̀, ìtàn kọ́ wa pé ẹni tó ni iṣẹ́ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ bi léèrè ibi tí òṣìṣẹ́ yóò sùn, kí á tó tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ̀yìn náà ni kí á bi ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kí á tó kan ajẹ́ǹtì. Ohun tí a sọ fún ẹ̀gbọ́n wa nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ bi ọ̀gá rẹ̀; ọ̀gá gbà láti san ìdajì. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ méjì mìíràn jọ gba yàrá kan lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Èkó, owó oṣù mẹ́ta péré. Ó ń lọ sílé ní ọjọ́ Jímọ̀.

Ẹ̀yin tí òbí tàbí òbí-àgbà yín kó wá sí Abẹ́òkúta ní 1976, ẹ bi wọ́n: níbo ni ẹ kọ́kọ́ sùn, ta ló sì sanwó rẹ̀? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà pẹ̀lú wa.