IṢẸ́ KỌ́ŃPÌNNÌ NÍ KÁNÒ: OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á JOGÚN

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ díẹ̀ nípa ohun tí ó gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá sí ìlú yìí, èyíinì ni iṣẹ́ kọ́ńpìnnì.

Gbogbo wa ni a mọ UAC. Ní ọdún 1886 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún kọ́ńpìnnì George Goldie ní ìwé àṣẹ, tí ó fi di Royal Niger Company. Kì í ṣe òwò nìkan ni ó ń ṣe nígbà náà. Ó ń gba owó ibodè, ó ń dá ẹjọ́, ó sì ní ọmọ ogun tirẹ̀. Àwọn ọmọ ogun náà ni wọ́n ja Bídà àti Ìlọrin ní 1897. Ní 1900 ni ìjọba gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì san £865,000 fún un. Kọ́ńpìnnì padà sí ìdí òwò. Ní 1929, òun àti African and Eastern Trade Corporation di ọ̀kan, wọ́n sì ń jẹ́ United Africa Company.

Reluwé dé Kánò ní 1911. Òwú ni àwọn òyìnbó retí pé yóò máa kó, ṣùgbọ́n ẹ̀pà ni àwọn àgbẹ̀ Hausa gbé wá, nítorí òun ni ó lówó lórí jù. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣí ìsọ̀, tí àwọn Hausa ń pè ní kanti, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá ẹni tí ó mọ̀wé, tí ó sì mọ ìṣirò. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti jáde ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Sábọ́n Gàrí ni ìjọba là fún àwa àlejò láti máa gbé.

Iṣẹ́ náà ní iyì. Owó oṣù kì í yẹ̀, ẹnu akọ̀wé kọ́ńpìnnì a sì máa tólẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ó le. Olùtọ́jú ìsọ̀ gbọ́dọ̀ ní onídùúró. Nígbà ẹ̀pà, láti òpin ọdún lọ, òórọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ti ń wọn ọjà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Reluwé kò lè tètè kó àpò ẹ̀pà tán lọ sí Àpápá, ni wọ́n ṣe ń tò ó jọ bí òkè.

Irú iṣẹ́ yìí ni bàbá mi ṣe ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Nígbà kan, ikán jẹ aṣọ nínú sítọ́ọ̀. Mánéjà fi ojú ara rẹ̀ rí i, síbẹ̀ oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi yọ owó aṣọ náà nínú owó oṣù bàbá mi. Gàrí tí ìyá mi ń tà ni a fi jẹun.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò ká ọwọ́ gbera. Ní 1950, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UAC, tí Nduka Eze ṣe olórí rẹ̀, da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n ọjà, wọ́n sì rí àfikún gbà. Nígbà tí wọ́n tún dán an wò ní oṣù Kejìlá ọdún náà, kò bọ́ sí i, ẹgbẹ́ náà sì fọ́.

Ìgbà ń yí padà. Òfin 1972 àti 1977 sọ àwa ọmọ Nàìjíríà di onípìn-ín nínú àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó. Ní 1980, Ernest Shonekan, ọmọ Yorùbá, di alága UAC. Ṣùgbọ́n ọ̀dá àti àrùn ti ba ẹ̀pà jẹ́ láàárín 1972 sí 1975, òkè ẹ̀pà sì pòórá. Ilé-iṣẹ́ bàbá mi ti ẹ̀ka rẹ̀ níbí pa. Ẹni tí kò ní ju owó oṣù lọ di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé lọ. Ẹni tí ó ti ń dá èésú, tí ìyàwó rẹ̀ sì ní ìsọ̀, dúró.

Iṣẹ́ kọ́ńpìnnì kì í ṣe oyè ìdílé; ọmọ kì í jẹ ẹ́ lẹ́yìn bàbá. Ohun tí ó yẹ kí á jogún ni ọgbọ́n tí kọ́ńpìnnì fi pẹ́. Goldie kú ní 1925, kọ́ńpìnnì kò bá a kú, nítorí pé ohun gbogbo wà nínú ìwé: ọjà tí ó wọlé, gbèsè tí ó wà níta, ẹni tí ipò kàn. Mélòó nínú ìsọ̀ àwọn bàbá wa ni ó ṣì wà? Orí ni wọ́n kó ìṣirò sí, wọ́n sì gbé orí náà wọ sàréè. Àwọn onígbèsè dákẹ́, àwọn ọmọ ń jà.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí àpò tí ẹgbẹ́ wa ń ṣí lónìí. Kí akápò máa ka ìwé sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ẹgbẹ́, kí á sì mú àwọn ọmọ wa jókòó ti ìwé ìṣirò ìsọ̀ wa nígbà tí ojú wa ṣì wà nílẹ̀.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa pẹ́ ju àwa tí a dá a sílẹ̀ lọ. Àmín.