Ògiri Ilé Ìwòsàn Harlem: Ta Ni Ó Yẹ Kí A Yà Sí I?

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni a fẹ́ kí a jọ wò lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Harlem, ní ìlú New York, ní ọdún 1936. Ọ̀rọ̀ àwọn àwòrán tí ìjọba ní kí wọ́n yà sí ara ògiri ilé ìwòsàn ni. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀dà lásán ni, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ẹni tí ó ń gbé níbi tí àṣẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ìwòsàn Harlem kì í ṣe ilé àná. Ọdún 1887 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún 1907 ni ó sì kó dé òpópónà Lenox, níbi tí ó wà títí di òní. Aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù ní àdúgbò náà nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn adúláwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rọ́ wá láti ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè náà àti láti àwọn erékùṣù Caribbean. Síbẹ̀, ó di ọdún 1919 kí ilé ìwòsàn yìí tó gba dókítà adúláwọ̀ àkọ́kọ́ sí iṣẹ́, ìyẹn Louis T. Wright. Àwọn ará àdúgbò ti yí padà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà lórí àga kò yí padà.

Ní 1929 ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Ebi pa káfíńtà, ó pa ayàwòrán pẹ̀lú. Nígbà tí ó di 1935, ìjọba Ààrẹ Franklin Roosevelt dá ètò iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ tí à ń pè ní WPA, ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ sì wà fún àwọn oníṣẹ́ ọnà. Ìjọba ń san owó iṣẹ́ fún wọn, àwọn náà sì ń ya àwòrán sí àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò. Iṣẹ́ ti Harlem bọ́ sí abẹ́ àkóso Charles Alston, tí a bí ní Charlotte ní 1907. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe alábòójútó nínú ẹ̀ka náà. Lára àwọn tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà ni Vertis Hayes àti Georgette Seabrooke, ọmọbìnrin tí kò ju ẹni ogún ọdún lọ.

Kí ni wọ́n fẹ́ yà? Alston gbèrò àwòrán méjì tí ó dà bí ìbejì. Nínú èkíní, ó fi ìwòsàn ìbílẹ̀ Áfíríkà hàn, pẹ̀lú ìlù, àti ère àwọn ará Fang ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Nínú èkejì, ó fi ìwòsàn òde òní hàn, dókítà dúdú àti funfun jọ ń ṣiṣẹ́, Dókítà Wright sì wà láàrin wọn. Hayes bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti abúlé kan ní Áfíríkà, ó sì tẹ̀ lé ìrìn àwọn adúláwọ̀ títí dé ìlú ńlá Amẹ́ríkà. Ìgbádùn ojoojúmọ́ ní Harlem ni Seabrooke yàn: àwọn tí ń jó, àwọn tí ń kọrin, àwọn tí ń tàkúrọ̀sọ.

Nígbà tí àpẹẹrẹ iṣẹ́ wọn dé iwájú àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn, wọ́n kọ mẹ́rin nínú wọn, ti Alston sì wà níbẹ̀. Ó yẹ kí a ka ìdí tí wọ́n sọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní, adúláwọ̀ ti pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán náà. Èkejì, ó ṣeé ṣe kí adúláwọ̀ má pọ̀ jù ní Harlem mọ́ bí ọdún 25 bá kọjá. Ẹ̀kẹta, àwọn adúláwọ̀ àdúgbò fúnra wọn lè má fẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹrin, ilé ìwòsàn náà kì í ṣe ti adúláwọ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo. Ìdí kẹrin ní ìtumọ̀ díẹ̀, nítorí ilé gbogbo ènìyàn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwòrán kejì tí Alston yà ti dáhùn ìyẹn: dúdú àti funfun ni ó wà níbẹ̀. Ní ti ìdí kẹta, bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹnì kan, ṣé kò yẹ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè?

Àwọn ayàwòrán náà mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1934, ní New York kan náà, wọ́n fọ́ àwòrán ńlá tí Diego Rivera, ará Mexico, ń yà sí ògiri Rockefeller Center, nítorí pé ó fi Lenin sí i. Alston ti lọ wo Rivera lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n owó aládàáni ni ó ni ògiri ti Rivera. Ti Harlem yàtọ̀, owó ìlú ni. Nítorí náà, wọn kò dákẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Harlem, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935, fi ẹ̀hónú hàn, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ìwé ìròyìn ń gbé. Nígbẹ̀yìn, àwọn aláṣẹ gbà. Kò ṣàìní ohun tí wọ́n san: Seabrooke ní láti fi àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ kún àwòrán tirẹ̀. Ní 1940 ni àwòrán méjèèjì ti Alston tó dé ara ògiri.

Ọdún ń gorí ọdún. Omi ba òmíràn jẹ́ nínú àwọn àwòrán náà, wọ́n sì kun ọ̀dà bo òmíràn. Alston kú ní 1977. Lẹ́yìn iṣẹ́ àtúnṣe ọlọ́dún gbọọrọ, ilé ìwòsàn náà ṣí ilé tuntun kan ní 2012 tí wọ́n fi àwọn àwòrán náà sọ lórúkọ. Wọ́n sọ iṣẹ́ Hayes di ńlá, wọ́n fi í sí ara dígí iwájú ilé, kí gbogbo ẹni tí ó bá ń kọjá lè rí i. Ohun tí wọn kò fẹ́ kí ó wà nínú ilé ti di ojú ilé.

Ọdún 25 tí wọ́n wí ńkọ́? Nígbà tí ó fi di 1961, adúláwọ̀ ni ó kún Harlem bámúbámú. Ṣùgbọ́n láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, owó ilé ti gun òkè, ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ sì ti kó kúrò. Ẹnì kan lè sọ pé àwọn aláṣẹ ọjọ́ náà kò ṣìnà tán. Àwa rí i ní ọ̀nà mìíràn. Bí ènìyàn bá ń kó kúrò ní ibì kan ni àwòrán rẹ̀ níbẹ̀ ń wúlò jù. Àwọn tí ó bá dé lẹ́yìn yóò mọ̀ pé ẹnì kan ti gbé níbẹ̀, ó ti jó, ó ti bímọ, ó sì ti wo aláìsàn sàn.

Ní ilé wa, ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni ó ń kun ògiri, wọ́n sì ń tún un kùn bí ọdún òrìṣà bá dé. Kò sí ẹni tí ó ń bi wọ́n bóyá wọn yóò ṣì wà níbẹ̀ ní ọdún 25 sí i. Ilé wọn ni. Ní ìlú òkèèrè, a kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. A ní láti tọrọ ògiri kí a tó yà á, bí wọ́n bá sì kọ̀, a ní láti jọ bèèrè ìdí.

Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa bá ní àwọn fẹ́ ṣe ògiri gbọ̀ngàn àtijọ́ kan lọ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n sì bi ẹgbẹ́ wa léèrè ohun tí a fẹ́, kí a má ṣe dáhùn pé ohunkóhun tí ó bá wù wọ́n ni. Kí a mú àpẹẹrẹ tiwa lọ. Ẹni tí ó bá sì dé New York, kí ó yà sí òpópónà Lenox, ní igun òpópónà 135, kí ó dúró díẹ̀, kí ó gbójú sókè. Abúlé Áfíríkà wà lára dígí náà.