Ìgbàgbọ́ Nínú Agbo-Ilé: Ọ̀ràn Ẹrú àti Ìwọ̀fà Láàárín Àwọn Onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta



Àwọn baba wa a máa wí pé, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a bá fẹ́ mọ irú onígbàgbọ́ tí ènìyàn í ṣe, ẹ má jẹ́ kí a dúró ní ẹnu-ọ̀nà ilé Ọlọ́run nìkan. Ẹ jẹ́ kí a bá a dé ilé, kí a sì bi ẹni tí ń gbá àgbàlá rẹ̀ léèrè. Ìtàn ìjọ Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni Àlùfáà Henry Townsend àti Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther wọ ìlú náà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ C.M.S. Wọ́n bá àwọn Sàró níbẹ̀, àwọn tí a ti kó lẹ́rú rí, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì padà wá sí ilẹ̀ baba wọn. Irú wọn ni Crowther pẹ̀lú. Ogun kó o ní Òṣoògùn ní ọdún 1821. Ní ọdún 1822 ni a gbà á nínú ọkọ̀ ẹrú. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀, Afàlá, tún fojú kan ara wọn, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá náà ti mọ bí oko ẹrú ti korò tó. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, ó wà lára àkọ́so àwọn tí a ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta, a sì sọ ọ́ ní Hánà. Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin ará: ọwọ́ àwọn tí a ti dá sílẹ̀ kúrò lóko ẹrú ni ó gbin ìjọ náà.

Kò pẹ́ tí àdánwò fi dé. Ní ọdún 1849 a mú àwọn onígbàgbọ́ kan ní Ìgbórè, a nà wọ́n, a sì kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, kí wọn ó lè padà sí ìsìn àwọn baba wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sẹ́ Olúwa wọn. A kò lè gbàgbé irú ìdúróṣinṣin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àdánwò tí ó ti ìta wá, ojú gbogbo ènìyàn ni ó hàn sí. Èyí tí ó jókòó sínú ilé ni ó ṣòro láti rí.

Kí ni ó jókòó sínú ilé? Ẹrú ni, àti ìwọ̀fà. Ní ayé ìgbà náà, ẹrú ni ń ro oko, òun ni ń fọ́ ẹyìn, òun ni ń ru ẹrù lọ sí ọjà. Ní ti ìwọ̀fà, ẹni tí ó yá owó ni ó ń fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, kò sì dín ẹyọ owó kan kù nínú gbèsè náà. Àwọn onígbàgbọ́ ní ẹrú bí àwọn aládùúgbò wọn ti ní i. Àwọn oníṣẹ́ ìjọ kan pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Àwọn mìíràn nínú àwọn tí a ti tà rí ń ra ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ má ṣe rò pé aláìnírònú ni wọ́n. Wọ́n ní àwíjàre. Wọ́n ní òfin ìlú kò kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kò sí alágbàṣe tó, bí ẹrú kò bá sí, ta ni yóò ro oko? Wọ́n ní bí àwọn bá lé ẹrú jáde, ẹlòmíràn yóò gbé e lójú ọ̀nà tà, nítorí náà ó sàn fún un lọ́dọ̀ onígbàgbọ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí ogun kò dáwọ́ dúró ní ilẹ̀ wa nígbà náà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwíjàre yìí, ẹnìkan kan ni a kò bi léèrè: ẹrú náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀. A wó ilé ìsìn, a sì lé àwọn òyìnbó àlùfáà kúrò nílùú. Ìjọ kò kú. Àwọn ọmọ onílẹ̀ dì í mú. Ní ọdún 1877 ni a rán Àlùfáà James Johnson wá ṣe alábòójútó wọn. Sàró ni a bí i sí, láti inú ẹ̀jẹ̀ Yorùbá. Ènìyàn líle ni, kì í fi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀. Ó ní ẹni tí Kristi dá sílẹ̀ kò gbọdọ̀ de ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1879 àwọn olórí C.M.S. ní Lọ́ńdọ́nù pàṣẹ pé oníṣẹ́ ìjọ kankan kò gbọdọ̀ ní ẹrú mọ́. Ní ọdún 1880 àwọn òjíṣẹ́ péjọ sí Èkó láti gbìmọ̀ lórí ọ̀ràn náà. Ìkùnsínú pọ̀ sí Johnson, nítorí ọ̀ràn ẹrú, nítorí ìkóbìnrinjọ, àti nítorí owó ìjọ. Ní ọdún 1880 kan náà ni a mú un kúrò ní Abẹ́òkúta.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìtàn yìí ń wí. Ìjọ kan náà tí àbà kò lè mú sẹ́ Kristi, tí Ìfọ́lé kò lè fọ́nká, òun ni ó bínú nígbà tí a fọwọ́ kan ohun tí ń bẹ nínú agbo-ilé rẹ̀. Ó rọrùn fún wọn láti jìyà fún ìgbàgbọ́ ju kí ìgbàgbọ́ náà wọ inú oko wọn lọ. Ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí Fílémónì kúrú, ṣùgbọ́n ó wọ inú ilé ènìyàn lọ tààrà, ó sì bèèrè ibi tí Ónésímù yóò jókòó.

Èmi kò sọ èyí láti dá àwọn baba wa lẹ́bi. Ẹrú ti tán, ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ wà nínú ilé wa. Nígbà tí àwọn ọmọ wa ń lọ sí ilé-ìwé, níbo ni òun ń lọ? Nígbà tí a bá bu oúnjẹ, ìgbà wo ni tirẹ̀ kàn? Alágbàṣe tí ó ṣiṣẹ́ fún wa lánàá, ṣé owó rẹ̀ ti dé ọwọ́ rẹ̀, tàbí a ń dá a lọ, dá a bọ̀, nígbà tí a ti san owó ìjọ tiwa? Àwa pẹ̀lú ní àwíjàre. A ń wí pé, ó sàn fún un lọ́dọ̀ wa ju lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwíjàre àtijọ́ nìyẹn.

Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Kí àwọn baba wa tó gbọ́ Ìhìnrere ni wọ́n ti mọ òwe yìí. Kí ni yóò wá jẹ́ àwíjàre àwa tí a gbọ́ ọ? Bí a bá dé ilé ní alẹ́ yìí, kí olúkúlùkù pe ẹni tí ó kéré jù nínú ilé rẹ̀, kí ó sì bi í bí ọjọ́ rẹ̀ ti rí. Ibẹ̀ ni kí ìgbàgbọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.