Omi Tí Wọ́n Ní Àwọn Ti Sẹ́: Ìtàn Àwọn Àgbẹ̀ Kanpur

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, etí odò inú ìlú ni ọ̀pọ̀ wa ń sá lọ láti gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú. Kí ẹ tó ki pọ́ńpù bọ omi, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kanpur, ìlú ńlá kan létí odò Ganges ní Íńdíà.

Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe awọ níbẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe gàárì àti bàtà fún àwọn sójà. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo chromium, torí ó yára ṣiṣẹ́ ju èèpo igi lọ. Inú odò ni omi ìdọ̀tí rẹ̀ ń lọ.

Ní 1985, agbẹjọ́rò kan, M.C. Mehta, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà. Ní 1987, ilé ẹjọ́ ní kí ilé iṣẹ́ awọ tí kò bá tọ́jú omi ìdọ̀tí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ibi ìsẹ́mi sí àdúgbò Jajmau. Mílíọ̀nù 36 lítà ló lè gbà lójúmọ́: mílíọ̀nù 27 láti ilé àwọn aráàlú, mílíọ̀nù 9 láti ilé iṣẹ́ awọ.

Omi tó ń jáde níbẹ̀, oko àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ni wọ́n darí ẹ̀ sí. Ìgbẹ́ inú ẹ̀ jẹ́ ajílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibi ìsẹ́mi yẹn ò lè kó gbogbo chromium kúrò. Ìgbẹ́ máa ń jẹrà, chromium kì í jẹrà. Ṣe ló ń kún inú ilẹ̀ lọ́dọọdún.

Kò sì tán síbẹ̀. Ní àdúgbò Noraiakheda, nínú Kanpur kan náà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ́míkà awọ da pàǹtí sílẹ̀, òjò sì ń fọ̀ ọ́ wọlẹ̀. Nígbà tí àjọ ìjọba yẹ omi abẹ́ ilẹ̀ Kanpur wò ní 1997, wọ́n bá mílígírámù 6.2 chromium olóró nínú lítà kan. Òfin ò gbà ju 0.05 lọ. Ó ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ!

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Omi kànga lè mọ́ gaara lójú kí májèlé wà nínú ẹ̀. Ẹ má rò pé ẹ lè sè é kúrò: bó bá ṣe ń hó, omi ló ń dín, irin inú ẹ̀ ò lọ síbì kankan. Ọlọ́jà náà ò lè fọ ohun tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ ti fà mu.

Torí náà, ẹ má gbẹ́ kànga oko sí ẹ̀bá ibi tí àwọn oníbátìrì, aláró tàbí mẹkáníìkì ń da ìdọ̀tí sí. Tí ẹ bá gbé omi lọ sí lábù, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ òjé, cadmium àti chromium wò, torí àyẹ̀wò kòkòrò nìkan ò lè fi wọ́n hàn. Owó àyẹ̀wò lè dunni, àmọ́ ilẹ̀ tó bá ti mu májèlé kì í tètè sàn.