Kì í ṣe nínípọn irin la fi ń mọ bọ́ọ̀sì tó lágbára

Bí ènìyàn bá fẹ́ ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ ní agbègbè Ìgbẹsà, Lùsádà tàbí Sàngó-Ọ̀tà, ẹni tó mú lọ́wọ́ pé kó bá òun wò ó yóò ká ìka kò, yóò fi oríkèé ìka kan bọ́dì ọkọ̀ náà. Bó bá dún kìì, wọ́n á ní irin gidi nìyí. Bó bá dún pàn-àn, wọ́n á ní páànù ni, kò lè tọ́jọ́. Orí ìlù kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ owó ti ń jáde lápò àwọn tó ń ra ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́: ẹni tó fẹ́ máa fi kó òṣìṣẹ́ lọ sí àwọn iléeṣẹ́ inú Free Trade Zone, ìjọ tó fẹ́ máa fi gbé àwọn arúgbó, onílé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ máa fi kó ọmọ. Àṣìṣe ni ìlù náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣìṣe òmùgọ̀ o. Ó níbi tó ti wá, ìgbà kan sì wà tó jẹ́ òótọ́.

Láyé bọ́lẹ̀kájà, ṣaàsíì Bedford tàbí Austin ló ń ti ìlú Ọba wá, káfíńtà ibí ló ń fi pákó kan ilé lé e lórí. Nígbà tí mọ́lùẹ̀ dé, ṣaàsíì Mercedes 911 la gbà lọ́wọ́ Jámánì, àwọn wẹ́dà tiwa ló ń fi irin kọ́ bọ́dì rẹ̀. Ṣaàsíì yìí ló ń gbé ẹ́ńjìnì, òun ló ń gbé ẹrù àti èrò, òun náà ló ń jẹ ìyà gbogbo kòtò ojú títì. Bọ́dì kàn jókòó lé e lórí ni. Bí wọ́n bá tú bọ́dì náà kúrò pátá, dẹ́rẹ́bà lè jókòó sórí àpótí kó wa ṣaàsíì lásán dé Ìbàdàn. Níbi tọ́rọ̀ bá rí báyẹn, kò sí ohun tí oníbàárà lè fi mọ̀ bóyá wẹ́dà rẹ́ òun jẹ ju pé kó wo bí irin náà ṣe nípọn tó. Ẹni tó fi ìka kan mọ́lùẹ̀ kò jẹ̀bi. Ọgbọ́n yẹn ni àwọn awakọ̀ àgbà fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, tí ọmọ iṣẹ́ wá gbé e lọ bá ọkọ̀ tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Volkswagen Transporter ẹlẹ́ẹ̀kẹta, èyí tó jáde ní Jámánì lọ́dún 1979, tí ojú wa mọ̀ dáadáa gẹ́gẹ́ bíi dánfó. Kò ní ṣaàsíì tó dá dúró. Ilẹ̀ inú ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òpó àárín fèrèsé àti òrùlé ni wọ́n jó pọ̀ di ẹyọ kan, tí gbogbo wọn jọ ń gbé ẹrù. Toyota HiAce náà kò yàtọ̀ púpọ̀: irin gígùn wà lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti jó o pọ̀ mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, kò ṣeé tú. Irin ara àwọn ọkọ̀ báyìí kì í sábà nípọn tó mìlímítà kan. Kì í ṣe pé iléeṣẹ́ ń ṣahun. Páálí mílíìkì ni ẹ fi wò ó: bébà lásán ni, síbẹ̀ bí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá pé tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra, ẹ lè to mẹ́fà léra. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀bẹ la igun kan, kí ẹ wá wò ó bóyá yóò gbé ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ṣẹ́ irin po, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di ihò onígun, àti bí ojú jíjó rẹ̀ ṣe sún mọ́ra tó, níbẹ̀ ni agbára wà. Ìka kò lè gbọ́ ìyẹn.

Àwọn kan á sọ pé bó tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, irin tó nípọn sí i kò lè ba nǹkan jẹ́. Ó lè bà á jẹ́. Irin tó nípọn ní mìlímítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó, wúwo tó nǹkan bíi kílò mẹ́jọ. Ká ní panẹbítà yọ irin oní-mìlímítà-kan lára bọ́ọ̀sì kan, tó fẹ̀ tó 20 irú mítà bẹ́ẹ̀, tó fi oní-mìlímítà-méjì rọ́pò rẹ̀, ó ti fi bíi 157 kílò kún ọkọ̀ náà nìyẹn, ìwọ̀n àgbàlagbà méjì tí kò sanwó ọkọ̀, tí wọn kò sì ní bọ́ọ́lẹ̀ láéláé. Gbogbo bọ́ọ̀sì ló sì ní ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún. Volkswagen LT tiẹ̀ kọ tirẹ̀ sára: LT 28 kò gbọ́dọ̀ ju 2,800 kílò lọ tòun tẹrù, LT 35 kò gbọ́dọ̀ ju 3,500. Búréèkì, táyà àti sípíríǹgì ni yóò san gbèsè irin nínípọn yẹn.

Arákùnrin àṣìṣe yìí ni èyí tó sọ pé mọ́tò tí iwájú rẹ̀ bá rún wómúwómú nígbà tó kọlu nǹkan, mọ́tò páànù ni. Béla Barényi, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Mercedes-Benz, ti gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ (patent) lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950: kí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ máa rún kí wọ́n lè gba agbára ìkọlù náà sára, kí àárín tí ènìyàn jókòó sí má sì yẹ̀. Ní 2009, àjọ IIHS, tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Amẹ́ríkà, mú Chevrolet Bel Air ti 1959, tó wúwo tí irin rẹ̀ nípọn, wọ́n fi kọlu Chevrolet Malibu ti 2009. Ẹni tó bá wà nídìí ọkọ̀ àtijọ́ yẹn ì bá kú. Ti Malibu ì bá fi ẹsẹ̀ ṣèṣe díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í tètè yé ènìyàn, nítorí ojú ń wo irin, kò wo ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ìbẹ̀rù wa wà gan-an la kì í wò. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń gba Kùtọnù tàbí èbúté Èkó wọlé kì í ṣe ọkọ̀ èrò láti ilé; ọkọ̀ ẹrù ni, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa dé láìní fèrèsé. Ibí ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gé ẹ̀gbẹ́ náà, tí wọ́n ń ki gíláàsì bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń jó àga mọ́ ilẹ̀. Ẹ rántí pé ẹ̀gbẹ́ yẹn wà lára ohun tó ń gbé ẹrù. Bí wọ́n bá ti gé e láìfi irin mìíràn yí ojú ihò náà ká, ọkọ̀ ti di aláàbọ̀ ara, bí ọ̀dà ara rẹ̀ bá tilẹ̀ ń dán bíi dígí. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ní South Africa, Toyota Quantum tí wọ́n ṣe fún ẹrù ni wọ́n sọ di takisí èrò, títí ẹjọ́ rẹ̀ fi dé ọ́fíìsì Public Protector, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú. Àwọn aláwọ̀ funfun tó ń gé òrùlé Transporter láti sọ ọ́ di ilé kékeré orí táyà, irú ilé tí iléeṣẹ́ Westfalia bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, mọ̀ pé ẹni tó bá gé gbọ́dọ̀ dí agbára tó gé lọ. Nínú bọ́ọ̀sì tiwa, ẹ ṣí ìbòrí inú díẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Bí ẹ bá bá etí irin tó mú bí abẹ, tí kò sí férémù kankan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn.

Lẹ́yìn fèrèsé, ẹ wo ojú ìsopọ̀. Àwọn tó ní Transporter 1979 yẹn ní Yúróòpù mọ̀ pé ojú ìsopọ̀ ara rẹ̀ ni àrùn rẹ̀: ohun tí wọ́n fi dí i á sán, omi á wọlé, ìpẹtà á máa jẹ ẹ́ láti inú wá. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù lọ́hùn-ún kì í jẹ́ kó pẹ́. Nítorí náà, ẹ fi ọmọ ìka tọ ojú ìlà náà láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn dé ìdí iná ẹ̀yìn. Bí ọ̀dà bá wú kéékèèké bíi èéwo lábẹ́ ìka, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé e: ibi tí kò bá ti lẹ̀, pọ́tì ni wọ́n fi kún un, irin ti lọ. Ibi tí pọ́tì bá nípọn gan-an, ẹ̀rín ló máa ń pa mí, nítorí pọ́tì náà máa ń dún kìì dáadáa bí wọ́n bá fi ìka kàn án.

Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo igun ilẹ̀ àti ìdí àga. Ẹ wo irin abẹ́ ẹnu ọ̀nà láti ìsàlẹ̀. Kí ẹ wá fi jáàkì gbé igun ẹ̀yìn kan sókè, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kí ẹ sì tì í. Bó bá há, tàbí tí àlàfo òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ nígbà tó jẹ́ pé ó dọ́gba kí ẹ tó gbé e, ara ọkọ̀ náà ti ń lọ́, ó ṣeé ṣe kí ojú ìsopọ̀ kan ti já níbì kan.

Mo mọ ohun tí awakọ̀ ojú ọ̀nà burúkú yóò sọ: pé ọ̀nà tí tírélà ti gbẹ́ báyìí kò fẹ́ ìwé, irin ló fẹ́. Òótọ́ ni pé ó fẹ́ irin, fún sípíríǹgì, fún ṣaàsíì tírélà, fún bọ́ńpà. Ṣùgbọ́n ohun tí kòtò ń ṣe fún bọ́ọ̀sì ni pé ó ń lọ́ ọ: ẹsẹ̀ kan sọ̀kalẹ̀, èkejì gòkè. Irin ara kì í fọ́ nínú lílọ́ bẹ́ẹ̀. Ojú jíjó ló máa ń sán. Ọ̀nà burúkú ló sì jẹ́ kí ìsopọ̀ ṣe pàtàkì jù lọ, kì í ṣe ìdí láti gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra bọ́ọ̀sì lọ́dún yìí, ẹ mú panẹbítà tí olówó ọkọ̀ kò mọ̀ rí lọ́wọ́, kí ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì ní kó wọ abẹ́ mọ́tò lọ. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kó má wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀.